Ìgbátí Méjì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ayùn

Pákó kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ló kó sí mi lórí. Oṣù kẹrin mi nìyẹn ní sọ́míìlì kan lẹ́bàá títì ní Òrè, ní ọdún tó tẹ̀lé òmìnira, nígbà tí Òrè ṣì jẹ́ ìkóríta, ilé pákó díẹ̀, òkìtì igi gẹdú, àti lọ́rì tí ń gbé eruku Oǹdó wá pàdé eruku Òkìtìpupa. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi téèpù wọn ìtì igi kí wọ́n tó gbé e lọ sídìí ayùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí lẹ́tà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Wọ́n ti lé ọ̀kan nínú àwọn tí ń ru pákó. Lẹ́tà náà sọ pé ó fi pákó ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjìlá gbá ẹnìkejì rẹ̀ lójú, láàárín òkìtì pákó kẹta àti ìkẹrin. Mo kà á tán, mo fẹ́ máa lọ. Àmọ́ téèpù wà lápò mi. Mo yà síbẹ̀, mo wọn àlàfo tó wà láàárín òkìtì méjèèjì. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínǹṣì méje.

Mo tún wọ̀n ọ́n. Iye kan náà ni. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fì pákó ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjìlá síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú àyè tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, àfi tí ó bá kọ́kọ́ bẹ òkìtì méjèèjì pé kí wọ́n sún fún òun. Ọkùnrin tí wọ́n lé ti wọ lọ́rì lọ ní àná. Bóyá ẹ̀ṣẹ́ ló fi lu ẹnìkejì rẹ̀, bóyá kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, mi ò mọ̀ títí di òní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìwé tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá ilẹ̀ mu, ẹnikẹ́ni kò sì wọ̀n ọ́n wò. Ara mi gbóná bí ẹni tí ibà mú. Mo ra ìwé aláwọ̀ búlúù kan lọ́wọ́ alátẹ ní ìkóríta, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ìjà tó bá ṣẹlẹ̀ ní sọ́míìlì wa sínú rẹ̀: ta ló dúró níbo, ọwọ́ wo ló gbé, báwo ni ó ti jìnnà tó, kí ni wọ́n ṣe fún un lẹ́yìn rẹ̀.

Òfin ilé-iṣẹ́ wa nípa ìjà kò ju ojú ìwé kan lọ. Mo há a sórí kí oṣù náà tó parí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sí ẹlòmíràn, wọn yóò lé e, wọn yóò sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn sọ́míìlì yòókù lójú ọ̀nà náà kí wọ́n má ṣe gbà á. Ẹni tó bá gbẹ̀san, ọjọ́ mẹ́fà nílé láìgbowó. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, bí ohun tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tó mutí, àti ẹni tó wà nínú ààwẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró nídìí ayùn. Tí wọ́n bá ká a mọ́bẹ̀, iṣẹ́ ayùn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ọkùnrin kan ló gbààwẹ̀ ọjọ́ méje nígbà kan, tí òòyì kọ́ ọ, tí apá rẹ̀ kan sì bá ayùn lọ. Àwọn Aládùúrà pọ̀ láàárín wa, òfin yìí kò sì dùn mọ́ wọn rárá.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Akọ̀wé Ìjà. Tí ẹni méjì bá ti ń pariwo mọ́ra wọn, ẹnì kẹta á ní, “Ẹ rọra o, Akọ̀wé Ìjà ò tíì gbẹ́ pẹ́ńsùlù ẹ̀.” Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa sì ń wá akọ̀wé, èmi ni wọ́n mú. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn mi. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ lójú mi pé, “Ẹni tí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ ló yẹ kó máa bá wa kọ̀wé.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an ṣẹlẹ̀ ní ọdún kejì, ní àkókò òjò, nígbà tí rédíò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé àwọn aṣòfin fi àga bá ara wọn jà nínú ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn. Kò sí ohun mìíràn tí a ń sọ nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Ẹnì kan á ní, “Àwa tí a bá gbé ọwọ́ lásán, wọ́n á lé wa. Àwọn tó gbé àga ńkọ́?” Ẹlòmíràn á dáhùn pé, “Ṣé o ò gbọ́ pé wọ́n ti ti ilé wọn pa ni? Gbogbo wọn ni wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà.”

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, mo wà ní àgbàlá, mo ń wọn ìrókò kan, nígbà tí ohùn ayùn yí padà. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní sọ́míìlì á mọ ohùn ayùn bí ìyá ṣe mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí igi bá parí, ayùn máa ń ké sókè kó tó sinmi. Lọ́jọ́ yìí kò ké sókè. Ó rẹlẹ̀, ó sì kú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ “Hàà!” lẹ́nu ènìyàn púpọ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, Bàbá Aláyùn, ìyẹn ọ̀gá tí ń darí ayùn ńlá, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lókè ojú òsì rẹ̀. Ayígi, ẹni tí ń bá a yí igi sórí kẹ̀kẹ́ irin tí ń gbé e lọ bá ayùn, ni ó dúró lé e lórí, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì là sílẹ̀ gbayawu.

“Ó gbá a létí! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà!”

“Àgbàlagbà tó tó bí i lọ́mọ!”

“Àlejò ni. Kí lẹ retí? Ẹni tí ò mọ bàbá ẹnìkan níbí.”

Akọ̀wé tí ń kọ àkókò iṣẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní táìmkípà, ni ó dé tẹ̀lé mi. Mo ṣàkíyèsí pé ó ti ṣí kálàmù rẹ̀ kó tó dé. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ó kọjú sí ayígi. “Ṣé o gbá a?”

“Mo gbá a.”

“Ó parí.”

Mo ní, “Ẹ ò bi í pé kí ló dé.”

“Akọ̀wé, òfin ò bèèrè kí ló dé.” Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ Bàbá Aláyùn. “Bàbá, ṣé ẹ rí ohun tí ọmọ yìí fi yín ṣe?”

Bàbá Aláyùn di ojú, ó sì gbé ọwọ́ díẹ̀ bí ẹni tí ń lé eṣinṣin. Kò sọ pé ọkùnrin náà lu òun. Kò sì sọ pé kò lu òun. Táìmkípà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà. Wọ́n ní Òyìnbó máníjà yóò gbọ́ ẹjọ́ náà ní àárọ̀ Sátidé, wọn yóò sì fún ayígi ní ìwé ìlékúrò rẹ̀ kí agogo méjìlá tó lù.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ayígi jẹ́, kí ẹ lè mọ ohun tí ìwé yẹn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Ìgbómìnà ni, ó tó ẹni ọdún márùndínlógójì. Ó ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ kan ní Omifunfun, ó gbin kòkó síbẹ̀, kòkó náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ so fún ìgbà àkọ́kọ́. Onílẹ̀ náà kì í fún ẹni tí ń jà ní ilẹ̀. Àdéhùn tó bá gbogbo àlejò orí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ni pé tí ìròyìn ìjà bá tẹ̀lé ọ dé oko, kí o di ẹrù rẹ, kí o fi igi sílẹ̀ níbi tó wà. Ìyàwó ayígi lóyún. Oyún mẹ́ta ti bàjẹ́ lára rẹ̀ sẹ́yìn. Nítorí èyí, ó ti lọ ń gbé ní ilé àdúrà kan ní Odigbo títí yóò fi bímọ. Iṣẹ́ tó bá bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí yóò mú oko lọ́wọ́ bí ó bá ṣe ń lọ.

Mo lọ bá a níbi tó jókòó sí lẹ́yìn òkìtì èèpo igi. Ó jù mí lọ lọ́dún mẹ́wàá ó lé.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ni Bàbá ṣe fún yín?”

“Kò ṣe nǹkan kan fún mi.”

“Kí wá ni ẹ gbá a létí fún?”

“Akọ̀wé, kọ ohun tí o rí.”

“Mi ò rí nǹkan kan.”

“Ìyẹn náà ni kí o kọ.”

Mo bínú. Ẹni tí ènìyàn ń gbìyànjú láti yọ, tó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ó ní ohun tó ń fi pamọ́. Mo kọ́kọ́ fura sí òun fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fura sí táìmkípà, nítorí àbúrò ìyàwó rẹ̀ kan ti wá sí ọ́fíìsì ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, pẹ̀lú ṣòkòtò tó ní ìlà, tó ń bèèrè iṣẹ́. Mo fura sí Bàbá Aláyùn pẹ̀lú. Kí ló dé tí àgbà tí wọ́n gbá létí níwájú gbogbo ayé kò fi ní bú ẹni tó gbá a?

Nítorí náà mo mú téèpù.

Àwọn tó sọ pé àwọn rí ìgbátí náà, mẹ́ta ni wọ́n. Èyí tó sún mọ́ jù dúró ní ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélọ́gbọ̀n sí ayùn. Àwọn méjì tó kù wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú igi sì máa ń rú bí èéfín níbẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn rí ọwọ́ tó lọ sókè. Kò sí ẹni tó rí ohun tó ṣáájú ọwọ́. Ọgbẹ́ orí ojú Bàbá gùn ní ínǹṣì kan àti díẹ̀, ó sì tọ́ gbọnrangandan bí ìlà tí a fi rúlà fà. Àtẹ́lẹwọ́ kì í gé ènìyàn bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sì rí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ létí irin kẹ̀kẹ́ igi náà, ní ínǹṣì mọ́kàndínlógún sí ilẹ̀. Orí rẹ̀ ló lu irin. Àmọ́ ìyẹn kò tíì yọ ẹnikẹ́ni: ẹni tí a gbá ṣubú náà lè fi orí lu irin.

Ìtì igi náà ló sọ ọ̀rọ̀ tó kù. Ìrókò ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjìdínlógún ni, mo ti wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ Ajé, mo sì ti kọ nọ́ńbà sí i lára. Ayùn ti wọ inú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínǹṣì mẹ́rin, ó sì dúró síbẹ̀. Bàbá Aláyùn kì í dá igi dúró láàárín. Ó ní bí ẹni tí ń dá ọ̀rọ̀ àdúrà dúró ni. Mo tẹ ojú bọ inú ihò náà. Igi kò jóná. Tí ayùn bá kú nígbà tí igi ṣì ń tì í, ẹ̀gbẹ́ ihò máa ń dúdú, á sì máa rùn. Èyí funfun báláú. Ẹnì kan ti kọ́kọ́ fa kẹ̀kẹ́ igi sẹ́yìn, ó sì wá pa ayùn lẹ́yìn náà, bó ti yẹ kí a ṣe é gẹ́lẹ́.

Mo lọ bá ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ògiri. Ihò kan wà lára ògiri náà tó fi ń wo ayùn.

“Ta ló pa ayùn láàárọ̀?”

“Ayígi ni. Mo rí ọwọ́ ẹ̀ lára irin tí wọ́n fi ń pa ayùn. Mo ní ó ya wèrè ni, torí kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan irin yẹn àfi Bàbá.”

“Kí ó tó gbá Bàbá létí àbí lẹ́yìn rẹ̀?”

“Kó tó gbá a. Ṣebí nígbà tí ayùn ti kú ni mo gbọ́ ‘tàù, tàù’.”

“Ṣé ẹ sọ fún táìmkípà?”

“Kò bi mí.”

Mo jókòó sórí irin tútù, mo ń rò ó. Ẹni tí inú ń bí kì í kọ́kọ́ fa igi sẹ́yìn, kó pa ayùn, kó tó wá gbá àgbà létí. Ohun kan ti ṣe Bàbá kí ìgbátí tó dé. Kí ni?

Ìyá onípúpurú ló dá mi lóhùn, láìmọ̀. Abẹ́ igi lẹ́nu géètì wa ló ti ń ta púpurú, ìyẹn òkèlè tí a fi gbágùúdá ṣe, àti ọbẹ̀ ẹja, ó sì mọ ikùn gbogbo wa ju bí dókítà ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Mo ra tèmi lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì bi í bóyá Bàbá Aláyùn ti ń jẹun látìgbà tó ti ṣèṣe. Èdè Ìkálẹ̀ ni ó fi bú mi. Mo kọ ọ́ síbí bí gbogbo ènìyàn yóò ṣe gbọ́ ọ.

“Ìwọ náà mọ̀! Níbo ló ti ń jẹun? Láti Ọjọ́rú ni ò ti yà sọ́dọ̀ mi. Ọbẹ̀ mi ló kan ni, àbí ìyàwó wo ló gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́bàá títì? Tí ẹ bá rí i níbòmíì, ẹ sọ fún mi.”

“Ọjọ́rú? Kó tó ṣèṣe?”

“Mo ní Ọjọ́rú. Omi pàápàá, mo bù fún un, ó ní kí n gbé e kúrò.”

Mo fi púpurú sílẹ̀. Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Ọjọ́ mẹ́ta, láìfi ẹnu kan omi. Bàbá Aláyùn jẹ́ àgbà nínú ilé àdúrà tó wà ní Odigbo, ibẹ̀ gan-an ni ìyàwó ayígi sì wà. Mo wò ó pé mo ti mọ gbogbo rẹ̀ nísinsìnyí: Bàbá gbààwẹ̀ lọ sídìí ayùn, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú, ayígi gbá a létí kó lè jí, Bàbá sì gbé ẹnu dákẹ́ kí ayùn má baà bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó jẹ́ kí wọ́n lé ẹni tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ìbínú tó fẹ́ ya ìwé.

Lẹ́yìn iṣẹ́, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Odigbo. Ilé àdúrà náà jẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n fi ẹfun kùn, pẹ̀lú yàrá kékeré mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ fún àwọn aláboyún àti aláìsàn. Ìyàwó ayígi jókòó lẹ́nu ọ̀kan, ikùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, akọ̀wé. Ṣé bàbá ọmọ ló rán yín? Kò wá láti àná.”

“Rárá o. Mo ń kọjá ni.” Mo rí i pé kò tíì gbọ́. Mi ò sì sọ fún un.

Bàbá Aláyùn wà lórí ẹní níwájú yàrá náà, nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, aṣọ tí wọ́n fi di ọgbẹ́ rẹ̀ ti pọ́n. Ètè rẹ̀ ti là.

“Akọ̀wé, ìwọ náà wá gbàdúrà?”

“Rárá, bàbá. Mo wá ka ọjọ́ ni. Òní ló pé mẹ́ta.”

Ó wo oòrùn. Ó ku díẹ̀ kó wọ̀. “Má bi mí ní nǹkan kan kí èyí tó wọ̀. Ààwẹ̀ tí a bá gbà fún aboyún, ẹni tó gbà á kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, ẹni tí a gbà á fún àti ọkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Tí ẹnì kan nínú wọn bá sọ ọ́ kó tó pé, ó ti dòfo. Gbogbo ọkọ tó bá gbé aya rẹ̀ wá síbí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Gbogbo ìgbà tí mo ń fura pé ọ̀kan ń fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pamọ́, pé èkejì ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, oyún kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń ṣọ́. Àmọ́ ìfura kì í tán nínú mi lẹ́ẹ̀kan.

“Tí oòrùn bá wá wọ̀ ńkọ́, bàbá?”

“Màá jẹun.”

Mo gun kẹ̀kẹ́ padà sí Òrè láìmọ̀ bóyá yóò sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kejì tàbí bóyá yóò jẹun nìkan.

Ní àárọ̀ Sátidé, a péjọ síwájú ọ́fíìsì. Òyìnbó máníjà jókòó, táìmkípà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti máa túmọ̀. Mo dìde gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ẹgbẹ́. Mi ò dárúkọ ààwẹ̀. Mo ti pinnu ní òru pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi láti sọ. Ihò inú igi nìkan ni mo sọ: ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínǹṣì mẹ́rin, kò jóná, igi ti padà sẹ́yìn, ayùn ti kú kí ìgbátí tó dé. Mo ní kí wọ́n bi ẹlẹ́ńjìnnì. Máníjà kò fẹ́ràn ènìyàn púpọ̀, àmọ́ ó fẹ́ràn igi. Ó dìde, ó lọ tẹ ojú bọ ihò náà fúnra rẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó sì gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tó padà, ó bi ayígi pé kí ló dé tó fi pa ayùn.

Ayígi wo Bàbá Aláyùn. Bàbá Aláyùn dìde.

“Ẹ jẹ́ kó jókòó. Èmi ni mo ṣubú. Ààwẹ̀ ni mo wà, ọjọ́ kejì nìyẹn, mo mọ òfin, mo sì dúró síbẹ̀. Ojú mi ṣókùnkùn. Orí mi ń lọ síbi ayùn nígbà tó fà mí sẹ́yìn, mo fi ojú lu irin. Ó gbá mi létí lẹ́ẹ̀mejì kí n lè jí. Mo jí.”

“Bàbá,” táìmkípà ní, “ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń fọwọ́ ara yín fà?”

“Mo jẹun kí n tó wá, ọmọ mi. Ọpọlọ mi pé.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Táìmkípà wá yíjú sí Òyìnbó, ó sì túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí gbólóhùn kan ṣoṣo. Ó kéré jù. Mo ti ka ilé-ìwé módà, ti ọdún mẹ́ta lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tán, Gẹ̀ẹ́sì mi kò dára, àmọ́ ó gùn tó ọ̀rọ̀ Bàbá. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, táìmkípà ń wò mí bí ẹni tó rí ejò nínú bàtà rẹ̀.

Ìdájọ́ kò pẹ́. Wọ́n gba ayùn lọ́wọ́ Bàbá Aláyùn lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa pọ́n eyín ayùn ní ilé ẹ̀yìn. Wọn kò lé ayígi. Máníjà gbà pé ìgbátí náà kì í ṣe ìjà, àmọ́ ó ti fọwọ́ kan irin tí kì í ṣe tirẹ̀: ọjọ́ mẹ́fà nílé. Mo ní bí kò bá fọwọ́ kàn án ni, Bàbá ì bá ti kú. Ó ní òun gbọ́, ọjọ́ mẹ́fà náà ni. Nígbà tí mo lọ kí Bàbá ní ilé ìpọ́nyùn, ó na apá rẹ̀ méjèèjì sí mi. “Kà wọ́n, Akọ̀wé Ìjà. Ṣebí kíkà lo mọ̀.”

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, àbúrò ìyàwó táìmkípà ti ń kọ́ iṣẹ́ nídìí ayùn. Mo kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Mi ò ní ẹ̀rí kankan tí mo lè fi mú táìmkípà.

Mo rò pé ó ti parí. Ọjọ́ kẹta ìdádúró rẹ̀ ni ayígi wá bá mi nílé. Ìyàwó rẹ̀ ti bí ọmọbìnrin, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló gbé e wá. Onílẹ̀ ti ránṣẹ́ pè é ní Omifunfun. Ọmọ onílẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì kan ní ọ̀nà Ago Alaye, ó sì ti rí orúkọ ayígi nínú lẹ́tà tó wá láti ọ̀dọ̀ wa: ẹni tó lu ọ̀gá rẹ̀. Mo wo ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀dà lẹ́tà náà ní ọ́fíìsì. Ọjọ́bọ̀. Táìmkípà ti kó wọn fún awakọ̀ lọ́rì ní ọjọ́ tí Bàbá ṣubú gan-an, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ẹjọ́ kankan. Lẹ́tà méje ni, ọ̀kan fún sọ́míìlì kọ̀ọ̀kan.

A jọ lọ bá onílẹ̀. Àgbàlagbà tínrín kan ni, ó ń sá ẹ̀pà nígbà tí a dé.

Ó ní, “Mi ò sọ pé ọkùnrin yìí burú. Mo sọ pé sọ́míìlì méje gbọ́ pé ó burú. Ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ sọ pé kò burú. Ta ni kí n gbà gbọ́?”

Mo ní, “Bàbá, tí àwọn méje náà bá kọ ọ́ pé àwọn ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ kí kòkó tó pọ́n.”

Máníjà fọwọ́ sí ìwé kan fún mi tó sọ pé àṣìṣe ni, kí sọ́míìlì kọ̀ọ̀kan lè fọwọ́ sí i pé àwọn ti pa orúkọ náà rẹ́. Mo gbé e káàkiri ní ọ̀sán Sátidé àti ọjọ́ Àìkú, nígbà mìíràn lórí kẹ̀kẹ́, nígbà mìíràn nínú lọ́rì tó gbé igi. Sọ́míìlì àkọ́kọ́ àti ìkejì fọwọ́ sí i láìka á. Ìkẹta ní kí n padà wá lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fọwọ́ sí i. Akọ̀wé ìkẹrin bi mí pé èló ni ayígi fún mi. Nígbà tí mo ní kò fún mi ní nǹkan kan, ó fura sí mi gan-an, èmi náà sì fura sí i nítorí ìbéèrè rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i. Ìkarùn-ún wà ní ọ̀nà Agbabu, níbi tí ọ̀dà dúdú bíi ti ojú títì ti ń yọ láti inú ilẹ̀, tó sì ba kẹ̀kẹ́ mi jẹ́. Sọ́míìlì ti ọmọ onílẹ̀ ni ìkẹfà, òun àti ìkarùn-ún náà fọwọ́ sí i.

Akọ̀wé sọ́míìlì ìkeje ní àwọn kò gba lẹ́tà kankan rí. Mo lọ wá awakọ̀ lọ́rì rí. Ó fi ìwé rẹ̀ hàn mí, wọ́n ti tẹ̀ka sí i pé wọ́n gbà á. Mo padà lọ. Akọ̀wé náà ní ìka yẹn kì í ṣe ìka ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé wọn kò gba lẹ́tà. Ó ní báwo ni òun yóò ṣe kọ̀wé nípa ohun tí òun kò rí.

Kòkó ti ń pọ́n. Mo mú ìwé náà lọ fún onílẹ̀, ìfọwọ́sí mẹ́fà ló wà lára rẹ̀. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ kà wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tẹ ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ti ń gbọ́.

“Mẹ́fà ni mo gbọ́.”

“Ọ̀kan kù, bàbá. Mo ṣì ń wá a.”

“Wíwá yẹn di tìrẹ. Mẹ́fà tó mi.” Ó yíjú sí ayígi. “Lọ ká kòkó ẹ.”

Ó ká a ní ọdún yẹn, àti ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e. Èmi tún lọ sí sọ́míìlì keje náà lẹ́ẹ̀mẹrin sí i, akọ̀wé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sì bá níbẹ̀. Ìkẹyìn nínú wọn jẹ́ kí n wo inú dúrọ́ọ̀ wọn fúnra mi. Lẹ́tà wa kò sí níbẹ̀, ìwé orúkọ àwọn tí wọn kò gbọdọ̀ gbà náà kò sí níbẹ̀, ó sì ní òun kò mọ ẹni tó kó o. Iye tó wà lójú ìwé tó kẹ́yìn nínú ìwé búlúù mi ni mẹ́fà nínú méje.